Stockholm, Göteborg, Malmö àbí ìlú kékeré? Ìfiwéra ààbò, owó àti ìgbé ayé ní Swídìn

Nígbà tí àbúrò mi rí ààyè gbà ní yunifásítì méjì ní Swídìn, ọ̀kan ní Stockholm, ọ̀kan ní Linköping, ìbéèrè kan ṣoṣo ni ìyá wa bi mí lórí fóònù: "Nínú méjèèjì, èwo ni ìbọn kì í dún níbẹ̀?" Mi ò dá wọn lẹ́bi. Láti bí ọdún mélòó kan, ìròyìn ìbọn, bọ́ǹbù àti àwọn ọmọdé tí wọ́n ń rán níṣẹ́ ikú ló ń dé ilé láti Swídìn. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tí ì bá wù mí kí wọ́n bi mí ni: "Èwo ni yóò ti tètè rílé gbé?"

Àwọn àgbà ní ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Níbí, ilé là ń wò ká tó mú ìlú. Ibi tí ẹ bá rílé sí ni yóò sọ iye tó máa ṣẹ́ kù sí yín lọ́wọ́ lópin oṣù, ọ̀nà tí ẹ ó máa gbà wọlé lálẹ́, ilé ìwé tí ọmọ yín yóò máa lọ, àti irú ọ̀dọ́mọkùnrin tí yóò máa dúró sẹ́nu géètì nígbà tí ọmọ náà bá ń bọ̀. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti ibi ilé, kí n tó fi àwọn ìlú wéra lórí ohun mìíràn.

Ilé lákọ̀ọ́kọ́

Kò sí pé ẹ ń san owó ọdún kan tàbí méjì sílẹ̀ bíi ti Èkó. Oṣooṣù ni wọ́n ń san owó ilé, owó ẹ̀rọ amúlégbóná àti omi gbígbóná sì sábà máa ń wà nínú rẹ̀. Ohun tó le ni kí orúkọ yín wọ inú ìwé ilé. Oríṣi méjì ni ìwé náà. Förstahandskontrakt ni èyí tí ẹ gbà tààrà lọ́wọ́ onílé. Kò ní ọjọ́ tí wọ́n máa ní kí ẹ kó jáde, owó rẹ̀ kì í sì í déédéé fò sókè, torí pé ẹgbẹ́ àwọn ayálégbé, Hyresgästföreningen, máa ń bá àwọn onílé dúnàá-dúrà lórí rẹ̀ lọ́dọọdún. Andrahand ni èyí tí ẹ gbà lọ́wọ́ ẹni tó ti ń gbébẹ̀. Ó lọ́jọ́ tó ń parí, owó rẹ̀ sì máa ń wọ́n jù.

Orí ìlà ni wọ́n ti ń gba ti àkọ́kọ́. Ní Stockholm, Bostadsförmedlingen ló ń tọ́jú ìlà náà. 200 kírónà (owó Swídìn) ni wọ́n ń san lọ́dún kí orúkọ má bàa já kúrò, àwọn tó wà lórí rẹ̀ sì ti ju 800,000 lọ. Ẹni tó bá rílé gbà lónìí sábà máa ti dúró tó ọdún mẹ́sàn-án tàbí mẹ́wàá. Ní àárín ìlú gan-an, bíi Södermalm tàbí Vasastan, ó ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Ní Göteborg, ẹ fọkàn sí nǹkan bí ọdún mẹ́fà tàbí méje. Ní Malmö, bí ọdún mẹ́ta. Ní Linköping àti Umeå (ti àríwá), tí ìjọba ìlú ti ní iléeṣẹ́ ilé tirẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ lè rí yàrá láàárín oṣù díẹ̀, ìdílé náà kì í sì í dúró títí irun yóò fi funfun. Ìlú akẹ́kọ̀ọ́ ni Uppsala, àmọ́ ó sún mọ́ Stockholm, ìyẹn ni ìlà tirẹ̀ náà ṣe gùn.

Tí a bá ní ká fojú bù ú, yàrá akẹ́kọ̀ọ́ ní Linköping tàbí Umeå máa ń wà láàárín 3,500 sí 5,500 kírónà lóṣù. Irú yàrá bẹ́ẹ̀ ní Stockholm lè dé 7,000, nígbà mìíràn ó ń jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ilé oníyàrá kan andrahand ní Stockholm sábà máa ń kọjá 10,000. Göteborg rẹlẹ̀ sí i díẹ̀, Malmö sì tún rẹlẹ̀ sí Göteborg.

Ibi tí ìlà bá ti gùn ni àwọn gbájúẹ̀ ti ń rówó. Èmi náà fara gbá a. Ọ̀sẹ̀ kejì tí mo dé Stockholm, mo rí ilé kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì: fèrèsé ńlá, ilẹ̀ onípákó, owó tó rọjú. Ẹni tó gbé e síta ní òun ti lọ ṣiṣẹ́ nílẹ̀ òkèèrè, pé kí n fi 6,000 kírónà ránṣẹ́ kí ilé náà má bàa bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Mo fi ránṣẹ́. Nígbà tí mo dé àdírẹ́sì náà, ìyá àgbà kan ló ṣílẹ̀kùn. Ó ní èmi ni ẹnì kẹta tó wá lóṣù yẹn. Ó fún mi ní kọfí, ó sì jókòó tì mí títí omijé mi fi gbẹ. Láti ìgbà náà ni mo ti ń sọ ọ́ fún gbogbo ẹni tó bá fẹ́ gbọ́: ẹ má san kọ́bọ̀ kí ẹ tó fi ẹsẹ̀ yín wọ inú ilé náà. Ẹ sì bèèrè ìwé tó fi hàn pé onílé mọ̀ pé wọ́n ń fi ilé náà háyà fún ẹlòmíràn. Ríra ìwé ilé lábẹ́lẹ̀ lòdì sófin, òfin sì lè mú ẹni tó rà àti ẹni tó tà.

Ààbò: ẹ wo àdúgbò, ẹ má wo orúkọ ìlú

Mi ò ní fi ohunkóhun bò. Lọ́dún 2022, ìgbà 391 ni ọlọ́pàá kà tí wọ́n yìnbọn ní Swídìn, ènìyàn 62 ló sì bá a lọ. Lọ́dún 2024, ó ti wálẹ̀ sí 296, àwọn tó kú jẹ́ 44. Tí a bá ka gbogbo ẹni tí wọ́n pa lọ́dún náà, yálà ìbọn ni tàbí ọ̀bẹ, 92 ni, ní orílẹ̀-èdè tí èrò inú rẹ̀ ju mílíọ̀nù mẹ́wàá lọ. Ohun tí kò wálẹ̀ ni bọ́ǹbù. 149 ló dún ní 2023, ó sì ju 300 lọ ní 2024. Ẹnu ọ̀nà ilé ni wọ́n sábà máa ń gbé e sí, láti fi dẹ́rù ba ẹnì kan tàbí mọ̀lẹ́bí rẹ̀.

Àwọn ẹgbẹ́ tó ń ta oògùn olóró ló ń bá ara wọn jà. Ẹni tó ń lọ síbi iṣẹ́ tó sì ń padà sílé kò sí nínú ìjà náà, mo sì ti wọ ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ Stockholm lóru láìmọye ìgbà láìsí ẹni tó wò mí lẹ́ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n ìjà náà ní ilé tó ń gbé, ìyẹn sì ni ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀.

Àwọn ọlọ́pàá máa ń gbé orúkọ àwọn àdúgbò tí apá ń fẹ́ má ká jáde. Utsatta områden ni wọ́n ń pè é. Ní 2023, mọ́kàndínlọ́gọ́ta ni wọ́n. Rinkeby wà níbẹ̀ ní Stockholm, Hammarkullen ní Göteborg, Rosengård ní Malmö, Gottsunda ní Uppsala. Rosengård yìí ni Zlatan Ibrahimović, agbábọ́ọ̀lù, ti dàgbà. Ọmọlúàbí ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń gbé irú àdúgbò bẹ́ẹ̀. Ìyá tó ń jí ní aago mẹ́rin lọ tọ́jú àgbàlagbà wà níbẹ̀, awakọ̀ bọ́ọ̀sì wà níbẹ̀. Ẹni tó bá bú wọn kò ṣe dáadáa. Síbẹ̀, ibẹ̀ ló sábà máa ń yá fún àlejò tuntun láti rí yàrá andrahand. Bí ọ̀rọ̀ ilé ṣe ń di ọ̀rọ̀ ààbò nìyẹn. Ìlà tó gùn ní ìlú ńlá ló ń ti èèyàn lọ síbi tí kò wù ú láti tọ́mọ.

Ẹ jẹ́ ká wá wo àwọn ìlú náà. Malmö ni orúkọ rẹ̀ bàjẹ́ jù, pàápàá lẹ́nu àwọn tí kò débẹ̀ rí. Ní 2017, ìgbà 65 ni wọ́n yìnbọn níbẹ̀. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ọlọ́pàá, ìjọba ìlú àti àwọn tó ń mójú tó ẹlẹ́wọ̀n bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí wọ́n pè ní Sluta skjut, ìyẹn "Ẹ má yìnbọn mọ́". Wọ́n ń pe àwọn tó wà nínú ẹgbẹ́ jókòó, wọ́n ń sọ fún wọn pé a ó ràn yín lọ́wọ́ tí ẹ bá fẹ́ jáde, ṣùgbọ́n tí ẹ bá yìnbọn, gbogbo ẹgbẹ́ yín la ó dojú kọ. Láti ìgbà náà, ìbọn níbẹ̀ ti dín kù gan-an. Uppsala yàtọ̀. Ìlú jẹ́jẹ́ tí gbogbo ayé mọ̀ fún ìwé ni, àmọ́ ní oṣù September 2023, ìjà ẹgbẹ́ kan tó ní gbòǹgbò níbẹ̀ tú síta, wọ́n sì ń pa mọ̀lẹ́bí ara wọn. Ní oṣù April 2025, wọ́n yìnbọn pa ènìyàn mẹ́ta nínú ṣọ́ọ̀bù agẹrun kan nítòsí Vaksala torg. Örebro kò sí nínú ìlú tí mò ń fi wéra, ṣùgbọ́n mi ò lè fò ó. Ní ọjọ́ 4 oṣù February 2025, ọkùnrin kan wọ ilé ẹ̀kọ́ àgbà níbẹ̀, ó pa ènìyàn mẹ́wàá. Kò sí ẹgbẹ́ oògùn olóró kankan nínú ìyẹn. Èyí tó dùn mí jù ni pé irú ilé ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ni àwa àlejò ti ń kọ́ èdè Swídìn.

Linköping àti Umeå jẹ́jẹ́ jù wọ́n lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Linköping náà ní àdúgbò Skäggetorp nínú ìwé ọlọ́pàá ti 2023. Ohun tí wọ́n máa ń jí jù ní irú ìlú yìí ni kẹ̀kẹ́, ẹ ra kọ́kọ́rọ́ méjì fún tiyín.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ, ẹ dúró díẹ̀ níbí. Títí di 2025, òfin Swídìn kì í rán ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lẹ́wọ̀n. Àwọn ẹgbẹ́ mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń wá ọmọ ọdún méjìlá, mẹ́tàlá lórí fóònù. Ọ̀rẹ́ mi kan ní Göteborg rí i lórí fóònù ọmọ rẹ̀ ọkùnrin. Ọ̀rọ̀ kúkurú ni, pẹ̀lú àwòrán iná méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: ta ló fẹ́ gbé àpò kan láti ibùdó kan dé òmíràn, 5,000 kírónà. Ọmọ náà kò dáhùn, àmọ́ kò pa á rẹ́. Ìyá rẹ̀ kò lù ú. Ó jókòó tì í lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ní kó ka ọ̀rọ̀ náà sókè, ó sì bi í pé, "Kí lo rò pé ó wà nínú àpò yẹn?" Lọ́jọ́ kejì, ó pe 114 14, nọ́ńbà ọlọ́pàá tí kì í ṣe ti pàjáwìrì. (112 ni ti pàjáwìrì.) Lẹ́yìn oṣù márùn-ún, wọ́n kó lọ sí Alingsås, ìlú kékeré kan tí ọkọ̀ ojú irin ń gbé wọn dé Göteborg ní nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú. Fún ìdílé tó lọ́mọ ọkùnrin tó ti ń bàlágà, irú ìlú ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀ ni èmi náà máa kọ́kọ́ wò.

Owó

Kí ẹ tó ka owó ìlú, ẹ ka owó ìwé. Láti 2011 ni akẹ́kọ̀ọ́ tí kò wá láti Yúróòpù ti ń san owó ilé ìwé. Ní 2025, wọ́n fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ fi hàn pé òun ní 10,584 kírónà fún oṣù kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó fún un ní ìwé ìgbélùú. Ẹni tó bá ń wá ìwé àṣẹ iṣẹ́, ní oṣù June 2025, owó oṣù rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ dín ní 29,680. Ọdọọdún ni wọ́n ń yí i padà, ẹ máa wo ojú ìwé Migrationsverket, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń fúnni ní ìwé ìgbélùú. Ní Umeå tàbí Linköping, 10,584 lè gbé akẹ́kọ̀ọ́ tó ń se oúnjẹ fúnra rẹ̀. Ní Stockholm, owó ilé nìkan lè jẹ ìlàjì rẹ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, páàsì oṣù kan fún ọkọ̀ sì ti kọjá 1,000.

Ìlú ló ń pinnu owó orí. Ní Stockholm, ó lé díẹ̀ ní 30%. Ní Göteborg, Malmö àti Uppsala, ó wà nítòsí 32 sí 33%. Ní Umeå, ó lé ní 34%. Iná mànàmáná yí ìṣirò náà padà, torí pé láti 2011 ni wọ́n ti pín Swídìn sí agbègbè iye-owó-iná mẹ́rin. Àríwá, níbi tí àwọn odò ńlá ti ń yí ẹ̀rọ, ni iná ti pọ́ọ́kú. Gúúsù, níbi tí Malmö wà, ló ti máa ń wọ́n jù. Ẹni tó ń gbé yàrá kan lè má mọ̀ ọ́n lára, ẹni tó bá gba ilé aládàáni yóò mọ̀ ọ́n lára gan-an.

Ohun tó jọra níbi gbogbo wúlò púpọ̀ fún ìdílé. Owó jẹ́léósinmi kì í ju 3% owó tó ń wọlé fún ilé lọ fún ọmọ kan. Ilé ìwé ọ̀fẹ́ ni, oúnjẹ ọ̀sán níbẹ̀ náà ọ̀fẹ́. Ìjọba ń san 1,250 kírónà lóṣù lórí ọmọ kọ̀ọ̀kan. Àmọ́ ẹ ó kọ́kọ́ gba personnummer, nọ́ńbà ìdánimọ̀ wọn, lọ́dọ̀ Skatteverket, iléeṣẹ́ owó orí, ẹni tí yóò sì lo ọdún kan ó kéré tán nìkan ni wọ́n ń fún.

Iṣẹ́ wà ní Stockholm jù, pàápàá iṣẹ́ kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń fi Gẹ̀ẹ́sì ṣe. Volvo àti àwọn tó ń bá a dòwò pọ̀, AstraZeneca, iléeṣẹ́ oògùn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlú àti èbúté tó tóbi jù ní Scandinavia ni Göteborg fi ń jẹun. Linköping ní Saab tó ń ṣe ọkọ̀ òfuurufú ogun, ṣùgbọ́n ẹ fi sọ́kàn pé wọ́n máa ń ṣe àyẹ̀wò ààbò kí wọ́n tó gbani sí ọ̀pọ̀ iṣẹ́ níbẹ̀, ó sì máa ń ṣòro fún ẹni tí kì í ṣe ọmọ onílẹ̀. Nọ́ọ̀sì máa ń rí iṣẹ́ níbi gbogbo lẹ́yìn tó bá ti gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ Socialstyrelsen, àjọ ìjọba tó ń rí sí ìlera, tó sì ti gbọ́ èdè.

Ẹ ṣọ́ra fún ìlú tó dúró lórí iléeṣẹ́ kan ṣoṣo. Àwọn èèyàn rọ́ lọ sí Skellefteå ní àríwá nítorí Northvolt, iléeṣẹ́ bátìrì. Ilé tuntun ń dìde, owó dára. Ní ọjọ́ 12 oṣù March 2025, iléeṣẹ́ náà wọ gbèsè, ó kógbá wọlé. Lábẹ́ òfin ìgbà náà, oṣù mẹ́ta péré ni ẹni tí ìwé ìgbélùú rẹ̀ so mọ́ iṣẹ́ náà ní láti rí òmíràn. Ọmọ Nàìjíríà kan tí mo mọ̀ fi ìwé wáṣẹ́ ránṣẹ́ síbi mọ́kànlélọ́gọ́rin kó tó rí ọ̀kan.

Bí ayé ṣe rí níbẹ̀

Erékùṣù mẹ́rìnlá ni Stockholm dúró lé, ẹ kò ní rìn jìnnà kí ẹ tó rí omi. Ó lẹ́wà débi pé ó máa ń dùn mí tí mo bá jìnnà sí i. Ṣọ́ọ̀ṣì àwọn ọmọ Nàìjíríà wà, mọ́sálásí ńlá wà ní Medborgarplatsen. Ṣùgbọ́n gbogbo èèyàn ń sáré, ìrìn àjò láti ẹ̀yìn ìlú sì máa ń gba wákàtí kan ní àlọ nìkan.

Òjò Göteborg kì í dá, ọ̀rọ̀ sì yá lẹ́nu wọn ju ti ará Stockholm lọ. Ọgbà Slottsskogen wà níbẹ̀, ọ̀fẹ́ ni ẹ fi ń mú ọmọ lọ wo ẹranko. Páàsì tí ẹ fi wọ tíráàmù náà ni ẹ ó fi wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí erékùṣù.

Ilẹ̀ tẹ́jú ní Malmö, kẹ̀kẹ́ tó fún gbogbo ìrìn yín. Möllevångstorget ni ọjà tó mú mi rántí ilé jù: ẹ̀fọ́ lórí tábìlì, àwọn tó ń pariwo iye owó, ìyá tó ń fọwọ́ tẹ tòmáátì wò. Nínú àwọn ṣọ́ọ̀bù tó yí i ká, ẹ ó rí gaàrí, iṣu àti ata rodo. Afárá Öresund, tí wọ́n ṣí ní 2000, gbé Copenhagen sún mọ́ wọn, nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú ni pẹ̀lú ọkọ̀ ojú irin. Àmọ́ ìwé ìgbélùú Swídìn kò fún ẹni tí kì í ṣe ọmọ Yúróòpù láṣẹ àtiṣiṣẹ́ ní Dẹ́nmárkì. Àwọn kan ti fi àìmọ̀ ṣe é, ó sì kó bá wọn.

Umeå ni òkùnkùn rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ apá kan ìpinnu yín. Ní àárín oṣù December, ìmọ́lẹ̀ kì í tó wákàtí márùn-ún lójúmọ́. Malmö máa ń rí tó méje. Mo lọ síbẹ̀ nínú oṣù January kan. Aago mẹ́jọ àárọ̀, ojú ọ̀run dúdú bíi ti ọ̀gànjọ́, yìnyín ń dún lábẹ́ bàtà. Ní ibùdó bọ́ọ̀sì, gbogbo wa gbé ojú sókè sí iná funfun kan tó mọ́lẹ̀ rekete. Ní 2012 ni iléeṣẹ́ iná ìlú náà bẹ̀rẹ̀ sí fi irú rẹ̀ síbẹ̀ kí ara àwọn èèyàn lè rí ohun tí oòrùn kò fún wọn. Ìyá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi di ojú, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ní June, oru kì í ṣú níbẹ̀. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ bá máa ń wúwo kó ronú dáadáa kó tó mú àríwá, kó sì bá dókítà sọ̀rọ̀ nípa fítámì D.

Ní Linköping, yàrá ìfọṣọ ló kọ́ àbúrò mi bí wọ́n ṣe ń bára wọn gbé. Abẹ́ ilé ló wà, pẹ̀lú pátákó tí àgádágodo kéékèèké wà lára rẹ̀, nọ́ńbà yàrá kọ̀ọ̀kan lórí tirẹ̀. Ẹ ó gbé tiyín sí wákàtí tí ẹ fẹ́, kò sí ẹni tó máa gbà á. Ní ìgbà àkọ́kọ́, ó fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá kọjá àkókò rẹ̀. Ọkùnrin kan dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú agbọ̀n aṣọ, kò sọ̀rọ̀, ó kàn ń wo aago. Oṣù mẹ́fà lẹ́yìn náà, ọkùnrin yẹn ló bá a fa kẹ̀kẹ́ rẹ̀ jáde nínú yìnyín, tó sì kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń pààrọ̀ táyà.

Ta ló yẹ kó lọ síbo?

Àpọ́n tó mọ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, tí iléeṣẹ́ ti bá wálé sílẹ̀: Stockholm. Ẹnjiníà tó ń kó ìdílé bọ̀: Göteborg, ṣùgbọ́n kó gbé ní ìlú ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ ìlú ńlá tí owó rẹ̀ kò pọ̀: Malmö, mo sì sọ ọ́ láìṣiyèméjì. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń fi owó ara rẹ̀ kàwé: Linköping, tàbí Umeå tí òkùnkùn kò bá já a láyà. Uppsala dára fún ẹni tí yunifásítì rẹ̀, tó ti wà láti 1477, bá ti fún ní yàrá. Ẹni tó fẹ́ máa gbébẹ̀ kó máa ṣiṣẹ́ ní Stockholm, kó ka owó ọkọ̀ ojú irin mọ́ owó ilé kó tó sọ pé ó pọ́ọ́kú. Ibi yòówù kí ẹ mú, ẹ fi orúkọ àdúgbò wé ìwé àwọn ọlọ́pàá, kí ẹ sì lọ rìn níbẹ̀ ní aago mẹ́wàá alẹ́ kí ẹ tó buwọ́ lù ú.

Linköping ni àbúrò mi mú. Yàrá rẹ̀ jẹ́ 4,200 kírónà, kẹ̀kẹ́ ló ń gùn lọ sí kíláàsì, ìyá wa kò sì bèèrè nípa ìbọn mọ́. Òtútù ni wọ́n ń bèèrè báyìí. Ọ̀sẹ̀ tí personnummer rẹ̀ jáde ni mo jókòó tì í tó fi orúkọ sí ìlà ilé Stockholm. Ó ń san 200 kírónà rẹ̀ lọ́dọọdún. Ó ti pé ọdún méjì àti oṣù mẹ́ta lórí rẹ̀.